Kí Omi Mímọ́ Wà ní Àrọ́wọ́tó Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́ ní Àlàbá

Ẹni tó ń wá fìríìjì, tẹlifíṣàn, jẹnẹrétọ̀ tàbí pánẹ́ẹ̀lì sólà, tó bá ti dé Ọjà Àlàbá ní Òjó, ó ti dé ibi tó ń lọ. Láti Kòtónù àti Lomé, láti Àkúrẹ́ àti Kánò ni wọ́n ti ń wá nájà níbẹ̀. Bí èrò ọjà yìí ṣe ń wọ́ láti ibùdókọ̀ Volkswagen dé Ìyànà Ìbá, títí dé Okokomaiko, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń kiri ohun mímu tútù ń sá tẹ̀lé ọkọ̀ lójú títì Àgbádárìgì: ẹlẹ́rìndòdò inú ike, jùùsì inú ọ̀rá, ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára. Ohun tó ṣòro rí nínú ọjà ńlá yìí ni ẹ̀rọ omi tó mọ́, tí ìyá ọlọ́mọ lè yà sí kó bu omi fún ọmọ rẹ̀, àti ibi tó fara sin díẹ̀ tó lè jókòó sí fún ọmọ lọ́mú.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí lórí ohun tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ń mu ní Àlàbá àti ní gbogbo agbègbè Òjó àti Ìbá. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá wáyé, ìyá ọmọ ni gbogbo ènìyàn ń kọjú sí. Nọ́ọ̀sì á bá a wí, ìyá ọkọ á bá a wí, rédíò á bá a wí. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀. Àwa náà yóò bá a sọ̀rọ̀ kí a tó parí. Ṣùgbọ́n ìyá tó wà lẹ́nu òwò láti àárọ̀ kùtù títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ohun tó bá wà nítòsí ló máa fún ọmọ mu. Àwọn tó lágbára lórí ohun tó wà nítòsí ni ìjọba ìbílẹ̀, àwọn olórí ọjà àti àwọn tó ń ṣe òfin. Àwọn gan-an la ń bá wí.

Ohun tí ọmọ kékeré nílò láti mu kò pọ̀ rárá. Láti ọjọ́ tí wọ́n bí i títí di oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá nìkan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọmú ń bá a lọ, oúnjẹ á wọlé, omi mímọ́ á sì wọlé díẹ̀díẹ̀. Tó bá pé ọdún kan, a lè fi wàrà màlúù tí kò ní ṣúgà kún un, bí agbára bá ká a. Ó parí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ẹgbẹ́ ìlera mẹ́rin tó lórúkọ ní Amẹ́ríkà, tó fi mọ́ ti àwọn dókítà ọmọdé àti ti àwọn dókítà eyín ọmọdé, jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí wọ́n sì fẹnu kò sí kò jìnnà sí èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, náà gbé ìlànà jáde ní 2023 lórí oúnjẹ àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà sí oṣù mẹ́tàlélógún. Ohun tó sọ nípa ohun mímu oníṣúgà kò lọ́jú pọ̀ rárá: kí àwọn ọmọ yìí má mu ún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó wà nínú ike. Púpọ̀ nínú ẹlẹ́rìndòdò tó gbajúmọ̀ ní nǹkan bí gíráàmù ṣúgà 10 nínú mílílítà 100. Ike 50cl kan jẹ́ gíráàmù 50 nìyẹn, ó súnmọ́ ṣíbí tíì méjìlá. Kò sí ìyá kan ní Okokomaiko tó máa bu ṣúgà ṣíbí méjìlá sínú ife ẹ̀kọ kan fún ọmọ ọdún mẹ́ta. Àwọn ará ilé ni yóò kọ́kọ́ figbe ta. Ìlànà WHO ti ọdún 2015 sọ pé kí irú ṣúgà yìí má tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́, ó sì ní yóò dára jù bí kò bá tó ìdá márùn-ún. Fún ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń jẹ nǹkan bíi kálórì 1,200 lójúmọ́, ìdá márùn-ún yẹn jẹ́ gíráàmù 15. Ìdajì ike náà ti kọjá rẹ̀ dáadáa, ọmọ kò sì tíì jẹ bisikíìtì, kò tíì mu tíì.

Ikùn ọmọdé kéré. Bí omi ṣúgà bá ti kún un lọ́sàn-án, kò ní fẹ́ jẹ ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin lálẹ́, ìyá á sì máa sọ pé ọmọ òun kì í jẹun. Ọmọ lè tipa bẹ́ẹ̀ sanra kí ẹ̀jẹ̀ má sì sí lára rẹ̀. Ti eyín tún wà níbẹ̀. Ṣúgà tó ń wà lẹ́nu ọmọ tọ̀sántòru, pàápàá èyí tí wọ́n rọ sínú fídà tí ọmọ gbé sẹ́nu sùn, ni àwọn kòkòrò inú ẹnu ń sọ di omi kíkan tó ń jẹ eyín. Àwọn kan á ní eyín àkọ́hù kò ṣe pàtàkì, ó máa jábọ́ náà ni. Kí ó tó jábọ́, ọmọ yóò fi jẹun fún ọdún mẹ́fà, méje, òun ló sì ń fi àyè pamọ́ fún eyín àgbà. Ọmọ tí eyín ń dùn ní òru kò jẹ́ kí ilé sùn.

Àṣà wa ló mú ọ̀rọ̀ yìí le. Bí oníbàárà bá ra ọjà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, tó sì rí ọmọ kékeré lábẹ́ tábìlì, ohun tútù ni yóò rà fún un. Bí àbúrò bàbá bá yà sí ìsọ̀, kò ní wá lọ́wọ́ òfìfo. Ìyá ọmọ kò lè kọ̀ ọ́, nítorí ẹni tó bá kọ ẹ̀bùn tí wọ́n fún ọmọ rẹ̀, wọ́n á ní agbéraga ni, tàbí pé ó ń fura sí ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi ọjọ́ ìbí nílé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi, níbi ìkómọjáde, lọ́jọ́ ìparí sáà: ọmọ kan, ike kan. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, a kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹyin bíbọ̀ àti ọsàn bíbó wà lójú títì kan náà, owó wọn kò sì ju ti ohun tútù lọ púpọ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ohunkóhun tó bá ti orí pẹpẹ sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́wọ́ ọmọ ọdún méjì, àgbàlagbà kan ló gbé e fún un.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ kì í jẹ́ kí ọmọ jẹ ohun dídùn jù; jẹ́díjẹ́dí ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá. Àlàyé wọn àti ti dókítà lè má dọ́gba, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà tọ̀nà. Ohun tó ń dùn wá ni pé ìkìlọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, àgbo ló kù. Ilé kan náà tó ń fún ọmọ ní ẹlẹ́rìndòdò lọ́sàn-án ló ń fún un ní àgbo jẹ́díjẹ́dí lálẹ́, nígbà mìíràn fún ọmọ tí kò tíì lè jókòó.

Ọ̀dọ̀ ọmọ ọwọ́ gan-an ni nǹkan ti ń wọ́ wá. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera àti iye ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní NDHS, fi hàn ní 2018 pé ìdá 29 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní Nàìjíríà ló ń mu ọmú nìkan. Omi lásán ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà á ní, "Ṣé òùngbẹ kì í gbẹ ọmọ ni, nínú ooru Èkó yìí?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìdáhùn gidi: nǹkan bí ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún wàrà ọmú, omi ni. Ọmọ tó ń mu ọmú ń mu omi. Omi tí a bá tún fún un yóò gba àyè nínú ikùn kékeré náà, ọmọ á fa ọmú díẹ̀, ọmú tí ọmọ kò bá sì fà dáadáa kò ní sun dáadáa mọ́. Bí omi náà kò bá mọ́, ìgbẹ́ gbuuru ló máa tẹ̀lé e. Ká wá tún sọ ti rírọ ọmọ: kí a di imú ọmọ mú, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ da àgbo tàbí ẹ̀kọ sí i lẹ́nu kó lè gbé e mì tipátipá. Ọmọ lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀mí á sì lọ sí i. A mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn. Síbẹ̀, ó yẹ kó dópin.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ohun rere ní 2014 nígbà tó sọ ìsinmi ìbímọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ di oṣù mẹ́fà, tó sì fún àwọn bàbá náà ní ọjọ́ mẹ́wàá. Obìnrin tó ń ta wáyà àti gílóòbù ní Àlàbá kò sí lábẹ́ ètò yẹn. Kó tó di pé ọmọ mọ ìyá rẹ̀ lójú, ìyá ti padà sí ìsọ̀, nítorí owó ilé ìtajà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Níbi tí ọkùnrin ti pọ̀, tí ọmọlanke àti ọ̀kadà ń gba àárín ènìyàn kọjá, níbo ni yóò ti fún ọmọ lọ́mú? Bí fídà ṣe ń wọlé nìyẹn. Fídà sì nílò omi tó ti hó, ọṣẹ àti iná, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn lábẹ́ tábìlì. Yàrá kan péré ní ẹ̀ka ọjà kọ̀ọ̀kan, tó ní ìjókòó, fáànù àti omi ìfọwọ́, yóò ṣe ju ẹgbẹ̀rún ìwé ìléwọ́ lọ. Ọjà tí owó ń wọlé sí tó báyìí lè ṣe é, kò sì nílò kó dúró de Abuja. Ìyá tí dókítà bá ní kó má fún ọmọ lọ́mú, tàbí tí ọmú rẹ̀ kò tó lóòótọ́, kó gba ìtọ́ni nọ́ọ̀sì, kó wọn wàrà ìyẹ̀fun ọmọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo, kó má là á jù nítorí owó.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ògì ló kàn nílẹ̀ Yorùbá. A kò bá ògì jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tó ṣàn, tí ohun kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ṣúgà, kò lè tọ́ ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun. Ní 1956 ni dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé, lábẹ́ ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ibẹ̀ ló ti dá kíníkì àwọn ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún sílẹ̀, tó ń fi káàdì tọpa bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i loṣooṣù. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ló wá tàn ká ayé. Lórí irú káàdì yìí, ìlà ọmọ sábà máa ń gòkè dáadáa ní àkókò ọmú, á sì dúró sójú kan tàbí kó máa sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ lásán bá rọ́pò ọmú. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, FIIRO, gbé ògì aláwẹ́ méjì jáde, àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà pọ̀, kí ọmọ lè rí èròjà tó ń mú ara dàgbà. Ìyá lè ṣe irú rẹ̀ nílé. Kó jẹ́ kí ẹ̀kọ ki díẹ̀, kó po ìyẹ̀fun sóyà tí wọ́n ti yan, tàbí ẹ̀pà lílọ̀ kúnná, tàbí edé àti ẹja gbígbẹ lílọ̀ mọ́ ọn. Kó má fi ṣúgà sí i. Ọmọ tí kò tíì mọ adùn ṣúgà kì í sunkún rẹ̀.

Oyin náà ń kọ́? Oyin jẹ́ ohun àdúrà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àṣà náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan lè wà nínú oyin tí inú àgbàlagbà borí, tí inú ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò lè borí, tó sì lè rọ ẹran ara ọmọ títí tí kò fi ní lè mí. Kí wọ́n fi oyin ṣàdúrà, kí bàbá àti ìyá tọ́ ọ wò lórúkọ ọmọ. Àdúrà á gbà bẹ́ẹ̀.

Omi ló wá kù, òun ló sì ṣòro jù. Ilẹ̀ Òjó súnmọ́ ọ̀sà. Kànga ibẹ̀ kì í jìn, ṣáláńgá kì í sì í jìnnà sí kànga. Omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé ọ̀pọ̀ àdúgbò, nítorí náà bóòhó àti omi inú ọ̀rá ni ènìyàn gbójú lé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kí oṣù náà tó parí ó ti pa ènìyàn tí kò dín ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìjọba Èkó, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abayomi jẹ́ Kọmíṣọ́nnà rẹ̀ fún ètò ìlera, sọ pé ohun mímu òfìo tí kò ní nọ́mbà NAFDAC wà lára ohun tí wọ́n fura sí. Òfìo fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀. Omi tí wọ́n fi pò ó, yìnyín tí wọ́n fi mú un tutù àti ọwọ́ tó rọ ọ́ sínú ike ni ká béèrè nípa wọn.

Bákan náà ni ti kùnú tí wọ́n ń tà ní ọjà Àlàbá Rágo àti zóbò tí wọ́n ń gbé kiri. Kùnú jéró jẹ́ ohun mímu tó níyì, àwọn ará Òkè-Ọya ló mú wa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n apá kan jéró lílọ̀ náà ni omi gbígbóná máa ń kàn, omi tútù ni wọ́n sì fi ń là á lẹ́yìn náà. Ìyá tó bá ṣe é nílé, tó sè é jinná, tó fi omi tó ti hó là á, tí kò fi ṣúgà sí i, lè fún ọmọ tó ti kọjá ọdún kan mu. Èyí tó wà nínú ike tí wọ́n ti lò rí, tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, kó má dé ẹnu ọmọdé. Omi inú ọ̀rá tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ náà, kí a wo nọ́mbà NAFDAC ara rẹ̀, kí a fi omi fọ ọ̀rá náà kí a tó fi eyín já a.

Àlàbá ní wàhálà omi mìíràn tí ọjà aláṣọ tàbí ọjà elépo kò ní. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà gbé ìròyìn kan jáde tó ní nǹkan bíi kọ̀nténà 500 tó kún fún àlòkù kọ̀ǹpútà àti ohun èlò oníná ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé púpọ̀ nínú ẹrù náà ti kú kó tó dé. Ohun tí kò bá ṣeé tún ṣe, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á sun wáyà rẹ̀ láti yọ bàbà inú rẹ̀. Òjé wà nínú tẹlifíṣàn àtijọ́ àti nínú bátìrì ọkọ̀. Ó ń wọ ilẹ̀, ó sì lè ti inú ilẹ̀ dé inú omi. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ara ọmọdé sì ń fà á mọ́ra ju ti àgbàlagbà lọ. Sísè omi kò mú un kúrò. Iná ń pa kòkòrò àrùn. Kò rí òjé ṣe. Ìyá tó ń gbé nítòsí ààtàn àlòkù yìí lè se omi kànga rẹ̀ lójoojúmọ́, kó ṣe gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́ ọ, kó má sì tíì gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ òjé. Àfi kí wọ́n gbé omi náà lọ sí yàrá ìwádìí. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ìyá ọmọ.

Ní ti wàrà, kí òbí máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá. Púpọ̀ nínú mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá kéékèèké kì í ṣe wàrà pọ́ńbélé. Wọ́n ti yọ ọ̀rá wàrà kúrò, òróró igi, tó sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀pẹ, ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n owó wàrà ni òbí ń san, ó yẹ kó mọ ohun tó ń rà. Mílíìkì inú agolo tó ki, tó sì dùn gan-an, ṣúgà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀. Kí a má pò ó fún ọmọ. Tíì oníkòkó tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń mu kí wọ́n tó lọ sí jẹ́léósinmi náà, ẹ wo ara páálí rẹ̀: ohun tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ inú páálí ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ, ohun tó pọ̀ tẹ̀lé e á sì tẹ̀lé e. Ibi tí ẹ bá bá ṣúgà lórí ìlà yẹn á sọ òtítọ́ fún yín ju àwòrán ọmọ alágbára iwájú páálí lọ.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ẹgbẹ́ Public Eye ti ilẹ̀ Switzerland àti ẹgbẹ́ IBFAN fẹ̀sùn kan iléeṣẹ́ Nestlé pé ó ń fi ṣúgà kún oúnjẹ ọmọdé tó ń tà ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi Nàìjíríà, nígbà tí irú rẹ̀ tó ń tà ní Switzerland kò ní ṣúgà àfikún. Iléeṣẹ́ náà ní òun ń tẹ̀lé òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Bí òfin wa bá gba ohun tí wọn kò fi sínú oúnjẹ ọmọ tiwọn, òfin wa ló yẹ kí a tún ṣe. Ìyá tí kò lágbára wàrà, kó má kárísọ. Ọmọ tó ń mu ọmú títí di ọdún méjì, tó ń jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti ẹja tí a lọ̀ pẹ̀lú egungun rẹ̀, tó ń mu omi mímọ́, kò ṣe aláìní. Nùnú tàbí wàrà tútù tí àwọn Fúlàní ń tà, kí a sè é kí ó hó kí ọmọ tó mu ún.

Ọsàn, kí ọmọ jẹ ẹ́ dípò kí a fún un mu. Àwọn ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tí a mẹ́nu bà lókè ní kí jùùsì èso pọ́ńbélé pàápàá má kọjá ìdajì ife kékeré lójúmọ́ fún ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta, jùùsì inú ọ̀rá tó wà lójú títì Àgbádárìgì kì í sì í ṣe èso pọ́ńbélé. Omi àgbọn tí a fọ́ lójú ẹni, tí etí òkun Àgbádárìgì fi ta wá lọ́rẹ, sàn jù ú lọ lọ́nà jíjìn, kó sáà má rọ́pò ọmú. Ní ti ohun mímu inú agolo tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fi ń lé oorun lọ, kí ọmọdé má tọ́ ọ wò rárá, kódà ẹnu kan. Kafiín inú rẹ̀ ń da oorun ọmọ àti lílù ọkàn rẹ̀ rú.

Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, kí ẹnikẹ́ni má fún un ní ẹlẹ́rìndòdò pé kó fi gba okun. Ṣúgà rẹ̀ lè mú ìgbẹ́ náà le sí i. ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n, ni kó mu, kí a pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀, pẹ̀lú oògùn zinc fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, kí ọmú má sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tó jẹ́ dókítà ọmọdé, di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ó sọ omi oníyọ̀ àti ṣúgà di ohun tí ìyá abúlé pàápàá mọ̀ ọ́n pò. Orílẹ̀-èdè tó lè kọ́ ìyá ní ìyẹn lè kọ́ ọ ní èyí tó kù.

Ọ̀rọ̀ wá kan owó orí. Òfin Ìnáwó ti 2021, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, fi ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu oníṣúgà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbà á. Lórí ike 50cl, ₦5 ni. Owó tí kò lè ra súìtì kan kò lè yí ọwọ́ ẹnikẹ́ni padà. Iye kan náà ni wọ́n tún gbà, ì báà jẹ́ ohun tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ tàbí èyí tó kéré, nítorí náà kò sí ìdí tí iléeṣẹ́ kan yóò fi dín ṣúgà kù. Ní Britain, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń tọ́mọ, owó orí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2018 ń gòkè bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ sí; nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó jẹ́ pẹ́ńsì 18 lórí lítà tí ṣúgà rẹ̀ tó gíráàmù 5 nínú mílílítà 100, pẹ́ńsì 24 lórí èyí tó tó gíráàmù 8. Púpọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ ibẹ̀ ti dín ṣúgà kù kí ọjọ́ tó pé. WHO ní kí irú owó orí yìí mú iye ọjà gòkè ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Ẹgbẹ́ CAPPA, tí Akinbode Oluwafemi ń darí, ti ń pariwo fún ọdún mélòó kan pé ₦10 kéré. A gbà pẹ̀lú wọn. Kí ìjọba àpapọ̀ gbé e sókè, kó wọ̀n ọ́n bí ṣúgà ṣe pọ̀ sí, kó sì kọ ọ́ sínú òfin pé omi àwọn ọjà àti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni owó náà wà fún.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè ohun tí àwọn tó ń kiri ohun mímu yóò jẹ. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìyá ọlọ́mọ fúnra wọn. A kò ní kí wọ́n lé wọn kúrò lójú títì. Ọwọ́ tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò ló ń ta omi inú ọ̀rá, òun náà ló lè ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹyin. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹgbẹ́ ọjà má ṣe gba kí iléeṣẹ́ kankan kun ògiri jẹ́léósinmi tàbí ti kíníkì ọmọdé pẹ̀lú àwòrán ohun mímu rẹ̀, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi ní Òjó, Ìbá àti Okokomaiko sì kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé omi nìkan ni ọmọ lè gbé wá nínú ike rẹ̀. Èyí kò gba náírà kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Kí Ìjọba Ìbílẹ̀ Òjó àti Ìjọba Ìdàgbàsókè Ìbílẹ̀ Ìbá bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Kí wọ́n gbẹ́ bóòhó tó jìn dáadáa sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan Ọjà Àlàbá àti Àlàbá Rágo, kí wọ́n yẹ omi rẹ̀ wò fún kòkòrò àti fún òjé, kí wọ́n sì lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ náà níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Okokomaiko ni wọ́n ṣètò pé yóò parí sí. Kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ẹ̀rọ omi mímu àti yàrá ìfọ́mọlọ́mú sínú àwòrán gbogbo ibùdókọ̀ tó kù lójú ọ̀nà náà, nítorí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán, wọn kò ní wó o nítorí ọmọ ọwọ́.

Ẹ̀yin bàbálọ́jà àti ìyálọ́jà, yàrá ìfọ́mọlọ́mú kò nílò ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ gómìnà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan kí ọdún yìí tó parí. Ẹ̀yin tí ẹ máa lọ nájà ní Àlàbá lọ́sẹ̀ yìí, bí ẹ bá rí ọmọ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, tí ọkàn yín sì fà sí i láti fún un ní nǹkan, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó fi omi tẹ̀ ẹ́.